Focus: Ọ̀rọ̀ Tó Ti Ìdí Ààrò Wá

Focus jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sábà máa ń lò fún kí èèyàn gbájú mọ́ ohun kan láìwọ̀tún-wòsì. Látìn ló ti wá, ibẹ̀ ni ó sì ti ń jẹ́ ààrò inú ilé. Ìdí ààrò yìí ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń dáná, tí wọ́n ti ń yáná, tí wọ́n sì ti ń bọ Lares, òrìṣà ilé wọn. Ignis ni iná fúnra rẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, focus gba ipò rẹ̀ lẹ́nu ará ìlú. Òun ló di fuoco ní Ítálì, fuego ní Sípéènì, fogo ní Pọtogí àti feu ní Faransé. Kódà, kónílé-ó-gbélé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní curfew bá a tan: couvre-feu ti Faransé, ìyẹn "bo iná", ni wọ́n ti fà á yọ, nítorí agogo alẹ́ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ kí kálukú bo iná ilé rẹ̀.

Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ló sọ focus di ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ ní 1604. Ẹni tó bá ti gbé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá sójú oòrùn yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu. Bí a ṣe ń sún awò náà sókè-sódò lórí bébà, ìmọ́lẹ̀ tó tàn ká yóò máa sún kì títí yóò fi di ojú kan bíńtín. Láìpẹ́, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Brennpunkt, ojú ibi ìjóná, ni àwọn ará Jámánì ń pe ibẹ̀. Ní 1609, Kepler kan náà kọ ọ́ pé ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ kì í ṣe bìrìkìtì pípé. Élíìpùsì ni, ó ní focus méjì, oòrùn sì wà ní ọ̀kan. Òfìfo ni èkejì.

Àwọn ayàwòrán gba ọ̀rọ̀ náà lò fún kámẹ́rà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ríri náà fi ń pe ibi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ yẹ̀ nísàlẹ̀. Ìtumọ̀ ti ọkàn, tó gbajúmọ̀ jù, wà lára àwọn tó dé kẹ́yìn.

Àwọn onímọ̀ èdè náà ń lo focus fún ọ̀rọ̀ tí a tẹnu mọ́ nínú gbólóhùn. Nínú gírámà Yorùbá, àkíyèsí alátẹnumọ́ ni a ń pè é, "ni" sì ni wúnrẹ̀n rẹ̀. "Adé ra ìwé" kàn ń ròyìn. "Ìwé ni Adé rà" gbé ìwé síwájú, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe sì padà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Adé ni a fẹ́ tẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ "ó" á yọjú: "Adé ni ó ra ìwé."