Ìrìnàjò Gustav Nachtigal sí Tibesti ní 1869: Àtúnyẹ̀wò Ẹ̀sùn tí a fi Kan Àwọn Teda

Nínú ìwé àwọn arìnrìnàjò ará Yúróòpù, ọ̀dàlẹ̀ àti olè ni a sábà máa ń pe àwọn Teda tí ń gbé orí òkè Tibesti ní àríwá Chad. Ìwé Nachtigal, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1879, wà lára àwọn tí ó fún ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an, ẹjọ́ náà kò rọrùn láti dá bẹ́ẹ̀.

Oníṣègùn ará Jámánì ni Nachtigal. Ó kúrò ní Tripoli ní oṣù Kejì ọdún 1869, ó ń gbé ẹ̀bùn ọba Prussia lọ fún Shehu Umar ti Borno. Ní Murzuk ni kò ti tètè rí ọ̀wọ́ oníṣòwò tí yóò bá lọ, ni ó bá yà sí Tibesti, níbi tí ará Yúróòpù kankan kò tíì dé rí. Omi tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, díẹ̀ ni ó kù kí òǹgbẹ pa gbogbo wọn.

Òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ gbé yọ ni Tibesti. Emi Koussi, èyí tí ó ga jù nínú wọn, ga tó mítà 3,415. Àárín àfonífojì nìkan ni omi àti igi dàbínù wà, oúnjẹ kò sì pọ̀. Nítorí náà, àwọn ìjòyè Teda kà á sí ẹ̀tọ́ wọn pé kí àlejò tí ó bá kọjá san nǹkan. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn oníbodè nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kan náà kò ní yára pe èyí ní olè jíjà.

Ní Bardai, fún nǹkan bí oṣù kan, wọ́n há Nachtigal mọ́, wọ́n bú u, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta. Arami, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ìlú náà, ni ó dáàbò bò ó, òun náà ni ó sì ràn án lọ́wọ́ tí ó fi sá lọ lóru. Teda ni Arami. Ó yani lẹ́nu pé ìtàn kan náà tí ó fi ìgbàlà rẹ̀ hàn ni a fi ń pe gbogbo wọn ní ọ̀dàlẹ̀.

Ìfura wọn ńkọ́? Ọkùnrin tí kì í ṣòwò, tí ó kàn ń wo òkè tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni ó ń wá? Lóòótọ́, Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo títí di 1871, kò sì sí ẹni tí ó rán Nachtigal láti gba ilẹ̀ ní 1869. Síbẹ̀, ní 1884, òun kan náà ni ó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó sọ Togo di ti Jámánì, tí ó sì lọ ta àsíá Jámánì ní Cameroon.

Lẹ́yìn tí ó ti gbé ẹ̀bùn ọba dé Kukawa ní 1870, ó tún kọjú sí aṣálẹ̀. Ní 1871, ó bá àwọn Awlad Sulayman lọ sí Borku, ní gúúsù Tibesti. Nínú ìrìn yìí ni ó ti rí i pé ilẹ̀ Bodélé rẹlẹ̀ ju Adágún Chad lọ, tí ó sì rí eegun ẹja nínú ilẹ̀ tí ó ti gbẹ. Àwọn tí ó bá rìn yìí a máa kó ràkúnmí àti dàbínù àwọn ará Borku ní tipátipá.