Ológbò nínú Ilé Àyágbé: Ayálégbé àti Onílé ní Al-Nuzlah, Jídà

Nínú Muwatta, ìwé tí Imam Malik kó jọ ní Mẹ̀dínà ní ọ̀rúndún kẹjọ, ìtàn kan wà nípa Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì Muhammad. Kabsha, aya ọmọ rẹ̀, bu omi àlùwàlá fún un. Bí ológbò kan ti sún mọ́ omi náà, ńṣe ni Abu Qatada tẹ igbá sí i títí ó fi mu omi yó. Ẹnu ya Kabsha. Bàbá ọkọ rẹ̀ wá ṣàlàyé fún un pé Ànábì ti fi yé àwọn pé ológbò kì í ṣe ohun ẹ̀gbin, pé ó wà lára àwọn tí ń yí ká láàárín ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà nínú hádíìsì yìí fún àwọn tí ń yí ká, tawwafin, bá tawaf tan, èyí tí í ṣe yíyí Káábà po. Ó sì bá mutawwif tan pẹ̀lú, ìyẹn amọ̀nà tí ó ti ń wá ilé fún àwọn onírìn-àjò Hájì ní Mẹ́kà láti ìran dé ìran. Nínú èdè Lárúbáwá, ìbátan ni ológbò àti ẹni tí ń bá àlejò wá ilé.

Ìtàn yìí ni ó gba ẹ̀sùn àìmọ́ kúrò lẹ́nu onílé tí kò bá fẹ́ ológbò nínú ilé rẹ̀. Ti ajá yàtọ̀. Òfin Ìsìláàmù gba ajá láàyè fún ọdẹ, fún agbo ẹran àti fún oko. Àwọn ọmọlẹ́yìn Malik tilẹ̀ ka ara ajá tó wà láàyè sí mímọ́, ṣùgbọ́n ìlànà Hanbali tí ó gbilẹ̀ ní Sáúdì kò gbà bẹ́ẹ̀. Onílé tó bá kọ ajá ní ohun tí yóò fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Èyí tó bá kọ ológbò ní láti sọ̀rọ̀ nípa òórùn, ilẹ̀kùn tí a fi èékánná họ, tàbí aládùúgbò tí ń ráhùn. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀nyí ṣeé dúnàádúrà lé lórí, nítorí pé lójú òfin, ìlò ilé nìkan ni ayálégbé fi owó rà. Ohun ìfipamọ́ ni ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Ó yẹ kí a rántí pé ojú mìíràn ni ilẹ̀ Yorùbá fi ń wo ẹranko méjèèjì: ajá ni ẹlẹgbẹ́ ọdẹ, ológbò ni a sì sábà ń fura sí pé ó bá àjẹ́ rìn.

Ní Mẹ́kà, ẹ̀tọ́ láti gba owó ilé pàápàá ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn rí. Ẹsẹ 25 nínú Súúrà kejìlélógún fi ọmọ ìlú àti àlejò sí ipò kan náà nínú Mọ́sálásí Mímọ́ náà, àwọn onímọ̀ kan sì na ìtumọ̀ rẹ̀ dé gbogbo ilé Mẹ́kà. Wọ́n ròyìn pé Kálífà Umar kò fẹ́ kí àwọn ará Mẹ́kà fi ilẹ̀kùn sí ilé wọn ní àkókò Hájì, kí àlejò lè wọ̀ síbi tó bá fẹ́. Abu Hanifa kò fẹ́ràn kí a gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn onírìn-àjò. Al-Shafi'i ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èrò tirẹ̀ ni ọjà sì tẹ̀ lé.

Jídà kò sí nínú ilẹ̀ mímọ́ náà, nítorí náà àríyànjiyàn yìí kò gba ayálégbé ibẹ̀ sílẹ̀. Ìhà gúúsù ìlú àtijọ́ tí wọ́n wó odi rẹ̀ ní 1947 ni Al-Nuzlah al-Yamaniyya wà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí àwọn ará Hijaz ń pè ní Takruni, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti rí ilé yá. Àwọn baba wọn gba Kano, Borno àti Sudan kọjá, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi la Òkun Pupa já. Ìrìn-àjò ọlọ́pọ̀ ọdún ni. Ti àwọn tó tẹ̀ lé ètò Ìgbìmọ̀ Alálàáájì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1958 yàtọ̀, nítorí pé ètò náà mọ ọjọ́ tí alálàáájì yóò padà sílé. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bíbímọ sí Sáúdì kò sì sọ ọmọ di ọmọ onílùú. Àwọn kan gba ìwé ọmọ ìlú, ọ̀pọ̀ kò rí i gbà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ológbò ti di ọ̀rọ̀ ìwé. Ayálégbé tó ní ìwé ìgbélùú lè bèèrè pé kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ológbò òun yóò máa gbé pẹ̀lú òun, kí ó sì ṣèlérí láti tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí kò ní ìwé kò lè pe onílé lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ẹnu sọ nìkan ló ní, onílé sì lè yí i padà lọ́la. Inú rere onílé ló ń jẹ, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìwà ní Jídà àti Mẹ́kà fòfin de títa ajá àti ológbò ní 2006, ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ológbò wà níbẹ̀. Ìwà àwọn ọ̀dọ́ tí ń kó ẹran wọ̀nyí kiri ìgboro ni wọ́n fi ṣàwáwí. Títà ni àṣẹ náà dè, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí bí onílé tí ń wá àwáwí ṣe lè rí i mú.

Ní ìparí 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn àdúgbò Jídà tí ìjọba pè ní àdúgbò jákujàku, ó ju 60 lọ, Al-Nuzlah al-Yamaniyya sì wà lára wọn. Gẹ́gẹ́ bí Amnesty International ti sọ ní 2022, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 558,000, ìdá 47 nínú 100 wọn sì jẹ́ àjèjì. Ètò owó gbà-máà-bínú yọ àwọn àjèjì sílẹ̀ pátápátá. Kò sí onílé tí a lè bẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé onílé gan-an ń lọ. Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri ilé pé kí wọ́n kó jáde. Àwọn kan rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn mìíràn rí ọ̀sẹ̀ kan péré.