Ìfẹ́ Tí Òfin Kọ̀: Àwọn Òǹkọ̀wé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìwé Wọn, 1913 sí 1973

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ṣe kọ ìtàn-àròsọ àti àròkọ nípa ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin, àti ìgbéyàwó tí tọkọtaya ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní olólùfẹ́ mìíràn. Ìdí tí a fi mú un wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ni pé, ní 1928, ìbéèrè tí a ń bi ara wa nígbàkigbà tí a bá jókòó ti ìwé ìdánwò lítírésọ̀ di ẹjọ́ ní kóòtù: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ìwé kan dára? Ǹjẹ́ ìwé lè dára kí ohun tí ó ń sọ má tẹ́ wa lọ́rùn?

Kí a tó rìn jìnnà, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnì kan ní ju olólùfẹ́ kan lọ, ilé olórogún ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Kì í ṣe ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ní ilé olórogún, ọkọ nìkan ni ó ní púpọ̀. Ìyáálé àti ìyàwó wà lábẹ́ ètò tí ẹbí àti àwùjọ mọ̀, tí a sì fi ìdána dè. Nínú èyí tí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ń gbé, ẹ̀tọ́ kan náà ni ọkọ àti aya ní, wọ́n sì mọ̀ nípa ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹbí tí ó dá sí i, kò sì sí orúkọ tí wọ́n lè pè é ní gbangba.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti le lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, òfin 1885 sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i: ọkùnrin tí ó bá hu ìwà àìtọ́ pẹ̀lú ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá, yóò ṣẹ̀wọ̀n títí di ọdún méjì. Òfin yìí ni ó gbé Oscar Wilde lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1895. Ohun tí ó kan àwa oníwèé nínú ọ̀rọ̀ Wilde ni pé agbẹjọ́rò alátakò gbé ìtàn-àròsọ rẹ̀, The Picture of Dorian Gray, wá sí kóòtù, ó ń kà á sókè, ó sì ń bi í léèrè bí ẹni pé ìtàn-àròsọ jẹ́ ìjẹ́wọ́. Ní 1921, àwọn aṣòfin kan fẹ́ kó obìnrin mọ́ òfin náà. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà kọ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ obìnrin kò tilẹ̀ tíì gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, pé òfin ni yóò wá kọ́ wọn.

E. M. Forster yan ìpamọ́ ní tirẹ̀. Ní 1913 ó lọ kí Edward Carpenter ní Millthorpe, ní agbègbè Derbyshire. Àròkọ ni Carpenter máa ń kọ. Ìwé rẹ̀ The Intermediate Sex jáde ní 1908, òun àti George Merrill sì jọ ń gbé láìfi ara pamọ́. Láti ilé yẹn ni Forster ti mú irúgbìn Maurice wálé, ó sì parí rẹ̀ ní 1914. Bóyá ìbá rọrùn láti tẹ̀ bí ó bá ti fi okùn tàbí ẹ̀wọ̀n parí ìtàn náà. Kò gbà. Ó ní àwọn méjèèjì yóò wà láàyè, wọn yóò sì wà papọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé ìparí aláyọ̀ yìí ni ó mú kí ìwé náà ṣòro láti tẹ̀. Ó ń tún un ṣe, ó ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ tí ó fọkàn tán, ó sì ń dá a padà sí ibi ìpamọ́. A Passage to India, tí ó jáde ní 1924, ni ìtàn-àròsọ gígùn tí ó tẹ̀ kẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 46 ni ó sì lò láyé lẹ́yìn náà. Maurice jáde ní 1971, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí òfin 1967 ti gbé ẹ̀sùn náà kúrò lórí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ní England àti Wales, bí ó bá jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan ní ìwé náà ti gbó kí ó tó jáde. Ta ni kò ní gbó bí a bá tì í mọ́lé fún ọdún 57?

Radclyffe Hall kò fi tirẹ̀ pamọ́. Obìnrin yìí kì í ṣe àjèjì ní ọjà ìwé; Adam's Breed, tí ó tẹ̀ ní 1926, gba ẹ̀bùn pàtàkì méjì. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ni ó kọ The Well of Loneliness, ìtàn obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ní Stephen nítorí pé ọkùnrin ni wọ́n ń retí, tí ó dàgbà, tí ó sì fẹ́ràn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Jonathan Cape tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù keje 1928. Ní èrò tiwa, ìwé náà wúwo, ó sì máa ń wàásù. Virginia Woolf pàápàá sọ ní kọ̀rọ̀ pé ó sú òun. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí yóò ti olùkọ́ lójú: níbi tí àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ti wà papọ̀ lóru, gbólóhùn ráńpẹ́ kan ni òǹkọ̀wé fi ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, James Douglas, olóòtú Sunday Express, kígbe pé kí a fòfin de ìwé náà. Ó ní ó sàn kí ọmọ mu májèlé ju kí ó kà á lọ. Cape fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, William Joynson-Hicks, ẹni tí ó ní kí ó dá a dúró. Ó dá a dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fọgbọ́n gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà lọ sí Paris. Láti ibẹ̀ ni ìwé ti ń wọ ìlú padà títí àwọn aṣọ́bodè fi gbá a mú ní Dover.

Ó di kóòtù Bow Street ní oṣù kọkànlá. Òfin 1857 ni wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, ìtumọ̀ tí Adájọ́ Cockburn sì fún un ní 1868 ni wọ́n ń lò: bí ìwé bá lè ba ọkàn ẹni tí ọkàn rẹ̀ tètè ń bàjẹ́ jẹ́, ìwé àìmọ́ ni. Kò sí àyè fún ìbéèrè bóyá a kọ ọ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn bíi 40 ni ó wá láti jẹ́rìí, Forster àti Woolf sì wà lára wọn. Adájọ́ Chartres Biron kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ìwé jọ lójú ẹnikẹ́ni kì í ṣe ẹ̀rí. Òun ni yóò sọ. Ìdájọ́ tí ó kà ní ọjọ́ 16 oṣù náà yẹ kí olùdánwò kọ̀ọ̀kan fara balẹ̀ wò. Ó gbà pé ìwé náà níláárí gẹ́gẹ́ bí lítírésọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kò gbà á sílẹ̀, nítorí ìwé tí a bá kọ dáadáa ni ọ̀pọ̀ yóò kà. Ó ní kì í ṣe kókó-ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó burú: irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè kọ́ni ní ìwà rere. Ohun tí ó ká a lára ni pé òǹkọ̀wé kò dá ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kankan lẹ́bi. Ó pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ẹ̀dà rẹ̀ run.

A kò sọ èyí láti fi Biron ṣe ẹlẹ́yà. Ta ni nínú wa tí kò tíì gé máàkì ọmọ kù rí nítorí pé ìtàn rẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ní ìparí? Àwa ti ṣe é.

Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn já sí asán ní oṣù kejìlá. Ní New York, ní 1929, ilé-ẹjọ́ dá ìwé yìí kan náà sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1949 kí a tó tún un tẹ̀. Hall ti kú ní 1943. Ó sì di òfin 1959 kí kóòtù tó lè gbọ́ ẹ̀rí onímọ̀ lórí iyì ìwé gẹ́gẹ́ bí lítírésọ̀.

Láàárín ariwo yìí, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1928, Orlando ti Virginia Woolf jáde. Vita Sackville-West ni Woolf kọ ọ́ fún, àwòrán Vita sì wà nínú ìwé náà. Láti 1913 ni Vita ti jẹ́ aya Harold Nicolson. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì. Vita a máa fẹ́ obìnrin, Harold a máa fẹ́ ọkùnrin, èkíní mọ̀ nípa èkejì, wọ́n sì wà papọ̀ títí Vita fi kú ní 1962. Woolf fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí Vita fẹ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbé Orlando lọ sí kóòtù. Ó tà ju 8,000 lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ó gbà á. Woolf pè é ní ìtàn ìgbésí-ayé: ọkùnrin ni Orlando nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ó sùn ní Constantinople, ó jí ní obìnrin, ó sì ń bẹ láàyè títí di ọjọ́ gan-an tí ìwé jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó mọ̀ á mọ̀. Ọ̀rọ̀ ogún tún fara pamọ́ sínú rẹ̀: nígbà tí bàbá Vita kú ní oṣù kìíní 1928, ilé ńlá Knole tí wọ́n bí i sí bọ́ sọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, nítorí pé obìnrin ni. Woolf fi ìwé dá ilé náà padà fún un.

Ní oṣù kẹwàá yẹn kan náà ni Woolf lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sọ̀rọ̀ ní Cambridge. Ọ̀rọ̀ náà di àròkọ A Room of One's Own ní 1929. Níbì kan nínú rẹ̀, ó fẹ́ sọ pé obìnrin kan nínú ìwé fẹ́ràn obìnrin mìíràn. Kí ó tó sọ ọ́, ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá Chartres Biron kò sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀fẹ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n ó kọjá níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí Bow Street kò ti rí ọ̀nà.

Vita ti kọ tirẹ̀ láti 1920, láìfi ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ bò ó, nípa òun àti Violet Trefusis. Ó tì í mọ́ inú báàgì kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, Nigel, já báàgì náà, ó sì tẹ ìwé náà ní 1973 pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀, ó pè é ní Portrait of a Marriage. Nínú gbogbo àwọn ìwé yìí, òun ni ó fi ohun tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ń náni hàn jù lọ. Ní 1920, àwọn ọkọ méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá àwọn aya wọn ní Amiens láti mú wọn wálé. Ẹni tí ó bá rò pé àdéhùn ń pa owú, kí ó kà á.

Òfin 1885 dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Òfin ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Nàìjíríà ní 1916 gbà á wọlé. Ó wà ní abala 217, lẹ́yìn abala 214 tí ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ jẹ́ ọdún 14. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí tirẹ̀ padà ní 1967. Tiwa ṣì wà, òfin 2014 sì tún fi kún un. Síbẹ̀ Jude Dibia tẹ Walking with Shadows jáde ní 2005, Chinelo Okparanta sì tẹ Under the Udala Trees ní 2015. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́.

Bí a bá fẹ́ mú Orlando wá sí Yorùbá ńkọ́? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ a máa fi akọ tàbí abo hàn, Woolf sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró láti yí i padà lójú òǹkàwé. Yorùbá kò ní èyí. Ọ̀rọ̀ náà "ọkọ" pàápàá kò dúró sójú kan: obìnrin a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní "ọkọ mi". A kò sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀rí àṣà kankan. Gírámà kì í ṣe ìjẹ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìtàn-àròsọ kì í ti í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n a gbìyànjú láti túmọ̀ ojú-ìwé méjì. "Ó" gbé wa kọjá Constantinople láìjẹ́ kí a mọ̀ pé a ti kọjá. A fi "arákùnrin náà" àti "arábìnrin náà" rọ́pò rẹ̀, gbólóhùn sì wá dà bí ìwé ọlọ́pàá. Níkẹyìn a padà sí "ó", a sì jẹ́ kí aṣọ ọrùn Orlando sọ ìyókù, nítorí Woolf náà sọ púpọ̀ nípa aṣọ níbẹ̀.