Àkísà Àgbà: Bí Àkójọ Máàpù ti Yunifásítì Oxford Ṣe Di Ọlà

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí yunifásítì tí a dá sílẹ̀ lánàá bá ń fọ́nnu nípa ilé alájà gíga àti ẹ̀rọ olówó iyebíye tí ó ní. Nítorí pé ohun kan ń bẹ tí owó kò lè rà lóòjọ́, èyí nì ni àkójọ àwòrán ilẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní máàpù, tí ó jẹ́ pé ikú olówó, ogun, òfin ìjọba, àti àṣà àwọn ènìyàn tí kì í jẹ́ kí tákàdá kan ṣòfò, ni wọ́n ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Nínú gbogbo irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí ń bẹ ní ilé ìkówèésí yunifásítì káàkiri ayé, ti Bodleian ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé máàpù inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní ọdún 1602 ni Sir Thomas Bodley ṣí ilé náà, ìwé ni ó sì ní lọ́kàn, kì í ṣe máàpù. Ṣùgbọ́n ọlọgbọ́n ni baba náà. Ní 1610 ó bá ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ṣe àdéhùn pé ẹ̀dà kan nínú gbogbo ìwé tuntun tí wọ́n bá tẹ̀ yóò máa wá sí Oxford lọ́fẹ̀ẹ́, àdéhùn yìí ni ìjọba sì sọ di òfin gidi ní 1710. Bí a ti ń tẹ máàpù ni òfin ń fà á wọlé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ Ordnance Survey sílẹ̀ ní 1791 láti wọn gbogbo ilẹ̀ náà, tí máàpù rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ẹkùn Kent, sì jáde ní 1801, orísun kan ti ṣí tí kò gbẹ títí di òní. (Irú òfin yìí kan náà ni a ṣe ní Nàìjíríà ní 1950, tí ó sọ ilé ìkówèésí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn di ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀dà ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn, ẹni tí ó bá sì ti fi ojú kéré òfin ìwé-gbígbà báyìí kò mọ ohun tí ń sọ ilé ìkówèésí di ńlá.)

Òfin ń mú tuntun wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú àtijọ́ wá bí kò ṣe àwọn tí ń tú ẹrù olóògbé wò? Ọ̀kan nínú irú wọn ni Richard Gough, tí kò sí ohun àtijọ́ kan tí kì í wù ú. Ní 1774, nígbà tí wọ́n ń fi ẹrù ọkùnrin kan tí ó ti kú, Thomas Martin, ṣe gbàǹjo, Gough fi ṣílè méjì àbọ̀ ra awọ kan tí a ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí. Awọ àgùntàn méjì ni a rán pọ̀. Ìlà-oòrùn ni ó wà lókè, tí àríwá fi bọ́ sí ọwọ́ òsì. Odò rẹ̀ láwọ̀ ewé, a ya ilé kéékèèké fún ìlú kọ̀ọ̀kan, wúrà ni a sì fi kọ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù àti York. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ so ìlú mọ́ ìlú, a sì kọ iye máìlì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ ayàwòrán náà dé òkè Scotland, ibi tí kò mọ̀ dáadáa, ìkookò ni ó yà síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún tí a ti yà á, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó yà á títí di òní. Nígbà tí Gough kú ní 1809, awọ náà ni ó hágún fún Bodleian, pẹ̀lú àwọn aṣọ ńlá tí a hun láyé àtijọ́ fún ìdílé Sheldon, tí òkè, odò àti ìlú ẹkùn wọn hàn ketekete lójú òwú. Ṣílè méjì àbọ̀! Lónìí, kò sí olówó tí ó lè dá iye lé e.

Síbẹ̀ máàpù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìn jù lọ nínú ilé náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Amòfin John Selden, ẹni tí ìjọba ti jù sí ẹ̀wọ̀n rí nítorí òótọ́ ẹnu rẹ̀, ni ó kọ ìwé tí ó lókìkí pé òkun ní olówó bí ilẹ̀ ti ní, láti fi dá Hugo Grotius ará Holland lóhùn, ẹni tí ó ní òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ní 1653 Selden fi àfikún sí ìwé ìhágún rẹ̀, ó mẹ́nu ba máàpù Ṣáínà kan tí ọ̀gá ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan gbà, tí ó sì kọ̀ láti dá padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá ni àwọn onímáàpù fi lọ̀ ọ́. Ọdún kejì ni Selden kú. Ní 1659 ni máàpù náà dé Oxford.

Ó gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, ó sì fẹ̀ tó ìwọ̀n mítà kan. A ya òkè, igi àti òdòdó sí i bí àwọn ará Ṣáínà ti ń yà wọ́n, ta ni yóò sì mú un ní nǹkan mìíràn ju ohun ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lọ? Ní 1687, ọmọ Ṣáínà kan tí ó ti di Kátólíìkì, Shen Fuzong, dé Oxford. Èdè Látìn ni òun àti alábòójútó ilé ìkówèésí náà, Thomas Hyde, fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti máàpù yìí, Shen ń ka orúkọ ìlú, Hyde sì ń fi kálámù kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì kálámù náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, àwọn àlejò ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu, nígbà tí ó sì yá, a ká a, a gbé e pamọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fi aṣọ líle lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kí ó má baà ya, aṣọ náà gan-an ni ó sì wá ń fà á ya. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láyé.

Ní 2008 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Batchelor, ní kí wọ́n gbé e jáde fún òun, ó sì rí ohun tí ojú ti ń fò fún ìgbà pípẹ́: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú òkun, láti èbúté Quanzhou lọ sí Japan, sí Manila, sí Malacca, títí dé etí òkun Íńdíà. Ọ̀nà ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni. Lókè rẹ̀ ni a ya kọ́ńpáàsì sí àti ọ̀pá ìwọ̀n, irú èyí tí kò wọ́pọ̀ lójú máàpù Ṣáínà ayé ìgbà náà. Nígbà tí àwọn atúnṣe sì rọra ṣí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ìlà ọ̀nà wọ̀nyí ni wọ́n tún bá ní ẹ̀yìn tákàdá náà, níbi tí ayàwòrán ti kọ́kọ́ dánra wò. Ohun tí a ti ń pè ní máàpù Ṣáínà láti ọjọ́ wọ̀nyí wá, òkun ni ó fi sí àárín, Ṣáínà fúnra rẹ̀ sì wà lápá kan. Ẹni tí ó yà á ń wá èrè ọjà. Selden ń jiyàn òfin. Hyde ń kọ́ èdè. Àwa òde òní sì ń ti inú rẹ̀ mọ bí àwọn ará Ṣáínà ti ń ná ọjà òkèèrè ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn.

Ogun náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1940, tí ogun Jámánì wọ Norway, àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì rí i pé máàpù tó péye kò sí lọ́wọ́ àwọn, títí dórí pé ìwé ìtọ́nisọ́nà tí a ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni àwọn kan ń yẹ̀ wò. Ìtìjú yìí ni ó bí ilé iṣẹ́ kan ní Oxford, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Mason lọ́wọ́ nínú rẹ̀, láti máa kó ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ọ̀tá jọ. Ní 1942, BBC bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi fọ́tò ìsinmi tí wọ́n yà létí òkun ilẹ̀ Yúróòpù ránṣẹ́. Wọ́n rọ́ dé bí òjò. Ohun tí ìyá kan yà nítorí ọmọ rẹ̀ tí ń fẹsẹ̀ gbo omi, gíga ògiri etíkun tí ó wà lẹ́yìn ọmọ náà ni àwọn ológun ń wá níbẹ̀.

Lílo máàpù ní Bodleian ní ìlànà tirẹ̀. Ilé yìí kì í yá ènìyàn ní nǹkan gbé lọ sílé. Ní 1645, Ọba Charles Kìíní pàápàá ránṣẹ́ yá ìwé, wọ́n sì kọ̀ fún un. Lónìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú máàpù náà ń gbé ní ilé ìpamọ́ ńlá ní ẹ̀bá ìlú Swindon, ọkọ̀ ni ó sì ń gbé èyí tí a bá béèrè wá fún òǹkàwé. Èyí tí a ń béèrè kì í sábà jẹ́ máàpù olókìkí. Ti Ordnance Survey ni, àwọn ńlá tí a yà ní ínṣì 25 sí máìlì kan, tí oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí kànga hàn, tí a sì kọ lẹ́tà F.P. sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí ni ìjà ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ará ìlú bá ti ní ẹ̀tọ́ àtijọ́ láti gba inú oko kọjá, olóko kò lè dí i. Òfin ọdún 1980 sì ní kí adájọ́ wo máàpù àtijọ́ nígbà tí ó bá ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin mìíràn ní 2000 wá dá 1 oṣù kìíní 2026 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a óò ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀nà àtijọ́ tí a kò bá tíì fi orúkọ sílẹ̀ (ọjọ́ tí ìjọba tún ti yí padà láti ìgbà náà), àwọn arìnrìnẹsẹ̀ tú yáyá lọ sí ibi tí máàpù bá wà. Ohun tí ó sì dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn tí wọ́n ya máàpù náà ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ọ̀nà tí a yà sí ibí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Síbẹ̀síbẹ̀ ni àwọn olùpẹ̀jọ́ ń tẹ́ ẹ síwájú àwọn tí ń dá irú ẹjọ́ náà, nítorí pé awọnlẹ̀ tí ó kọ F.P. lọ́jọ́ náà kò mọ olóko, kò mọ ará ìlú, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn: ọ̀nà ni ó rí nílẹ̀, ó sì yà á.