Ẹ̀kọ́ tí Ìdèrè lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń da àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn lójú ẹ̀rọ. Multimedia ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Bí a bá wo bí a ṣe sábà máa ń kọ́ ọ, a ó rí i pé ẹ̀rọ ló ń gba gbogbo àkókò: bí a ṣe ń gé fídíò, bí a ṣe ń mú kí àwòrán máa rìn, bí a ṣe ń yan àwọ̀. Ẹni tí yóò wo iṣẹ́ náà kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí àwọn olùkọ́ nípa ìlera ti kojú ìṣòro yìí gan-an nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ àjèjì sí àwọn ìlú wa.

Ìdèrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú méje tí a mọ̀ mọ́ Ìbàràpá. Òun àti Igbó-Ọrà ni wọ́n jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀, kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lè mọ bí àwọn ará oko ṣe ń gbé ayé wọn. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ ìlera, tí Joshua Adéníyì àti William Brieger wà lára wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè lórí àrùn sòbìà.

Omi ni sòbìà ń bá wọ inú ara. Nínú omi adágún, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan máa ń gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tí ó bá mu omi bẹ́ẹ̀ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọdún kan láìfura. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lé ròrò, ròrò náà yóò bẹ́, aràn funfun tí ó lè gùn tó mítà kan yóò sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí aláìsàn bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, aràn náà yóò tú àìmọye ọmọ sínú omi tí gbogbo ìlú ń pọn. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àgbẹ̀ lè fi jókòó sílé nígbà tí oko ń dúró dè é.

Ẹ wo bí àlàyé rẹ̀ ti le tó. Ọdún kan gbáko ló wà láàárín omi tí ènìyàn mu àti egbò tí ó rí. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ta ni yóò wá fẹ̀sùn kan omi tí ó mu ní èṣí? Àwọn olùwádìí náà gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Ìdèrè pé sòbìà wà nínú ara gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Èrò yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tí ó jọ iṣan ni wọ́n rí tí ó ń jáde, kò sì sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó wọlé.

Nítorí náà, kíké pé omi kò dára kò lè tó. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní ìmọ̀ ìlera, kí wọ́n lè bá àwọn ènìyàn wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n jọ ń sọ. Àwọn aránṣọ ìlú fi aṣọ ọ̀rá tí ojú rẹ̀ há rán asẹ́, àwọn ọmọ ìlú náà sì ń tà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun àfojúrí àti ohun àfọwọ́bà wá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Irú iṣẹ́ báyìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú àti fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ṣẹ́gun àrùn náà. Ó lé ní 650,000 ènìyàn tí wọ́n kà pé sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà nígbà ìkànìyàn àkọ́kọ́ fún àrùn náà. Ọdún 2008 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Kí ni èyí kan akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà? Àwòrán tí ń rìn lè fi ọdún kan hàn ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè sọ kòkòrò tín-ín-tìn-tín di ńlá. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn sọ ọ́ di ńlá láìfi ìwọ̀n rẹ̀ hàn, ẹni tí ń wò ó lè yẹ igbá omi rẹ̀ wò, kí ó má rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀, kí ó sì ní omi tòun mọ́. Igbá omi ni ó yẹ kí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wá máa sún mọ́ kòkòrò náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ àwòrán náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ sẹ́ omi yàtọ̀ sí ẹ se omi. Èkíní ń fẹ́ kí a fi aṣọ jọ̀ ọ́. Èkejì ń fẹ́ kí a gbé e kaná. Méjèèjì ló ń dènà sòbìà, ṣùgbọ́n èkejì yóò gba igi ìdáná lójoojúmọ́. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà kan, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. A ní láti kọ ẹ, kí a tó fi àmì ohùn òkè lé e lórí. Bí a bá lo irú lẹ́tà tí kò mọ ètò yìí, àmì náà lè yẹ̀ kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí kò lè mọ ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣi ará ìlú lọ́nà.

Láti ọdún 2023, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun àjọ NUC fi ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ lélẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ó sì fi ìdá 30 tí ó kù sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tí ó wù ú kún un. Èmi rò pé ó yẹ kí sòbìà Ìdèrè wà níbẹ̀. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan fún àgbà tí kò mọ̀wé, tí ó sì gbà pé láti inú ara ni sòbìà ti wá. Kí ó tó tan ẹ̀rọ, kí ó kọ ohun tí àgbà náà mọ̀ sílẹ̀, ohun tí ó ń rí, àti ohun tí yóò bi í. Níwọ̀n bí àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa, àṣìṣe rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àrùn mìíràn tí yóò ṣe fídíò lé lórí lọ́la kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.