Ẹranko Márùn-ún Tí Ọdẹ Ṣà Jọ

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ló wo fíìmù kan ní họ́stẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn òyìnbó wà nínú mọ́tò tí ò ní òrùlé ní Kenya, wọ́n ń ka ẹranko: kìnnìún, ẹkùn, erin, àgbáǹréré. Bí wọ́n ti rí ẹfọ̀n báyìí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó pé márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi bá ní, "Àgùnfọn ńkọ́? Erinmi ńkọ́? Kí ló gbé ẹfọ̀n débẹ̀, ẹran tó jọ màlúù?" N ò rí èsì fọ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé láíbìrì.

(Ẹ dákun, ẹkùn tí mo wí yìí kì í ṣe tiger o, bó ti wù kí tíṣà wa ní sẹ́kọ́ndìrì tẹnu mọ́ ọn tó. Ilẹ̀ Éṣíà ni tiger ń gbé.)

Àwọn tó ń wo ẹranko kọ́ ló ṣa márùn-ún yìí jọ. Àwọn ọdẹ òyìnbó ni. Ẹran tó ṣòro jù láti fẹsẹ̀ lépa, tó sì lè pa ọdẹ, ni wọ́n kà. Àgùnfọn ga lóòótọ́, àmọ́ sísá ló máa sá. Ẹfọ̀n tí ọta bà tí kò kú a máa wọgbó lọ dúró de ẹni tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Ẹ bi àwọn ọdẹ ilé wa, wọ́n á sọ fún yín.

Safari pàápàá, "ìrìn àjò" lásán ni lédè Swahili. Àwọn ọlọ́bọn ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Theodore Roosevelt. Oṣù kẹta 1909 ló kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù kẹrin, òun àti Kermit ọmọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Mombasa. Wọ́n ní fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni. Fúnra ẹ̀ ló ka ohun tí wọ́n pa sínú ìwé rẹ̀, African Game Trails: òun 296, ọmọ rẹ̀ 216. Ẹ rò ó pọ̀: 512. Kìnnìún 17, erin 11, àgbáǹréré 20. Ó dà bí ìwé tí alájàpá ń kọ ọjà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Nínú 20 yẹn, mẹ́sàn-án jẹ́ àgbáǹréré funfun ti àríwá (funfun kọ́, àwọ̀ eérú ló ní), tí wọ́n pa ní Lado, lẹ́bàá odò Náílì, ní 1910. Roosevelt kọ́ ló pa irú wọn tán o. Ogun, àti àwọn tó ń jí ẹran pa nítorí ìwo, ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2018, akọ tó kù, Sudan lorúkọ ẹ̀, kú ní Ol Pejeta ní Kenya. Méjì péré ló ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀: Najin ọmọ rẹ̀, àti Fatu ọmọ Najin. Abo làwọn méjèèjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ onìbọn ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn.

Kenya fòfin de ọdẹ ṣíṣe ní 1977. Àwọn ọdẹ lọ, orúkọ márùn-ún náà dúró, kámẹ́rà gba ipò ìbọn. South Africa tiẹ̀ tẹ gbogbo wọn sára owó bébà rẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bí òun bá rówó débẹ̀ lọ́jọ́ kan, àgùnfọn lòun máa kọ́kọ́ wò.