Ọ̀dà Ọkọ̀ àti Ìlérí Ààbò

Bí a bá gba ọ̀nà Ikpinlè lọ sí Adja-Ouèrè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, erùpẹ̀ pupa a máa bo ọkọ̀ dé òrùlé. Nígbà òjò, ní ìhà Massè, ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Lama a sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Abájọ tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ìpara ìdáàbòbò fi ń dùn létí: ẹ sanwó, oòrùn àti iyanrìn kò ní lè ba ọ̀dà ọkọ̀ yín jẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀dà kọ́ wa pé kí a rọra gbà á gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀dà ọkọ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó gbẹ tán. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé Duco jáde, ọ̀dà tó ń gbẹ láàrin wákàtí díẹ̀. Àìsàn rẹ̀ ni pé oòrùn a máa pa dídán rẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n tòótọ́ ni fífi ìda pa ọkọ̀ nígbà náà, irú èyí tí a ń rí lára ewé ọ̀pẹ carnauba ti Brazil.

Ní àwọn ọdún 1980, ó di àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ láti fi ọ̀dà mìíràn, tí kò ní àwọ̀, bo ọ̀dà aláwọ̀. Òun gan-an ni ààbò. Sísanra rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ. Ìgbàkígbà tí a bá fi ẹ̀rọ àti ìpara oníyanrìn kíkúnná ha á kí ó lè dán, díẹ̀ lára rẹ̀ ni a ń ha dànù. Ọ̀dà yí padà. Ìlérí ìgbà ìda kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé ọkọ̀ tòkunbọ̀, « venue de France », tó gba èbúté Kútọnu wọlé, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Dídán lè bo ojú àpá ìjàǹbá àti ìpẹtà tó wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ìpara náà kì í ṣe asán pátápátá: omi a máa tètè ṣàn kúrò lára ọkọ̀ tí a fi pa. Ṣùgbọ́n kò lè dá òkúta ojú ọ̀nà dúró, kò sì lè wo ìpẹtà sàn.

Nílẹ̀ wa, a máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn kí ó lè jáde lẹ́wà. Ẹwà ni a ń wá níbẹ̀, a kì í pe ọ̀dà ní oògùn ikán. Kí a fi ojú kan náà wo ọkọ̀. Kí a kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i kí eruku ṣàn lọ, kí a tó fi aṣọ kàn án.